Òṣítẹ̀lú Ògèrè: Tíṣà Tí Ìbẹ̀rù Sọ Di Aláàwẹ̀

Ní Ọjọ́rú Eérú, kò sí ẹni tí kò lágbára láàrin wa. Àlùfáà á fi eérú ṣe àmì àgbélébùú síwájú orí wa, a ó gbé e wọ ọ́fíìsì ní Ìkẹjà, a ó gbé e wọ bọ́ọ̀sì ní Ṣàgámù, a ò ní nù ún. Ẹnì kan á ní òun ò ní fẹnu kan mínírà títí di Àjíǹde. Ẹlòmíràn á yọ Instagram kúrò lórí fóònù rẹ̀. Ẹlòmíràn á ní aago márùn-ún ìdájí ni òun á máa jí gbàdúrà lójoojúmọ́. Ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́wàá péré. Mínírà ti padà, Instagram ti padà, aago márùn-ún ìdájí sì ti di aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Mi ò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ o. Lẹ́ńtì gùn. Láti Ọjọ́rú Eérú dé Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, ọjọ́ 46 ni. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́fà tí wọn kì í gbààwẹ̀ ni wọ́n yọ kúrò nínú rẹ̀ tó fi di 40. Àsìkò tó sì máa ń bọ́ sí nílẹ̀ wa níbí, láàrin oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, oòrùn máa ń mú gan-an, òjò kò sì tíì fi gbogbo ara dé. Ìtara ọjọ́ kìíní kọ́ ni ìṣòro wa. Ohun tó ń gbé ènìyàn dé ọjọ́ kẹtàlélógún ni mo ń wá, ọjọ́ tí kò sí eérú níwájú orí ẹnikẹ́ni mọ́, tí ẹnì kankan ò sì bi ọ́ pé báwo ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn ọmọ Rẹ́mọ kan fún yín.

Tí ẹ bá ti gba márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn rí, ẹ ti kọjá lára ìlú rẹ̀. Ògèrè ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́nnẹ́. Tírélà ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ mọ̀ mọ́ Ògèrè: tírélà tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àwọn dẹ́rẹ́bà tó ń sùn lábẹ́ ọkọ̀, àwọn ìyá tó ń ta oúnjẹ tọ̀sán-tòru. Ṣùgbọ́n ẹ kúrò lójú márosẹ̀, kí ẹ wọ inú ìlú lọ. Ibẹ̀ ni olú-ilé Ìjọ Olúwa Aládùúrà wà, ìjọ tó ní ẹ̀ka káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tó sì dé Lọ́ńdọ̀nù. Josiah Òṣítẹ̀lú ló dá a sílẹ̀. Gbogbo ènìyàn mọ Ayọ̀ Babalọlá, gbogbo ènìyàn mọ Mósè Orímọládé. Òṣítẹ̀lú wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n lójú tèmi, a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó bó ṣe yẹ, àní láàrin àwa tí a wá láti àdúgbò yẹn pàápàá.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún ni wọ́n bí i sí Ògèrè, sínú ilé àgbẹ̀. Bàbá àti ìyá rẹ̀ kò mọ̀wé. Ẹ rántí pé ọdún 1892 ni ìjọba Òyìnbó tó wà ní Èkó fi ìbọn ṣí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ní ogun Ìmàgbọ̀n, torí àwọn Ìjẹ̀bú ò fẹ́ kí àlejò àti mísọ́nnárì máa gba ilẹ̀ àwọn kọjá bó ṣe wù wọ́n. Lẹ́yìn ogun yẹn ni ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé ya bo ìlú. Ọmọ àkókò yẹn ni Òṣítẹ̀lú. Ilé ìwé Áńgílíkà ni ó lọ, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní 1914, wọ́n sì sọ ọ́ ní Josiah. Nígbà tó yá, ó di tíṣà, ó sì ń kọ́ iṣẹ́ kátíkíìsì lọ́wọ́.

Ẹ má fojú kékeré wo tíṣà ayé ìgbà náà. Ọmọ àgbẹ̀ tó wọ bàtà, tó ń fi gègé kọ̀wé, tó ń gba owó oṣù, tí àwọn àgbà ń dìde kí! Gbogbo ìdílé ló ń fojú sọ́nà fún un. Tó bá yege nínú ìdánwò, ó di kátíkíìsì. Tí Ọlọ́run bá sì ràn án lọ́wọ́, ó lè di àlùfáà. Ọ̀nà rẹ̀ ti là. Ó mọ ìgbà tí Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀, ó mọ ìgbà tó parí, torí kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì ni tíṣà mísọ́n fi ń ṣiṣẹ́.

Ibi tó ti ń múra ìdánwò lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù Karùn-ún ọdún 1925, ó rí ojú ńlá kan, ojú kan ṣoṣo, tó ń tàn bí ìgbà tí oòrùn bá yọ. Ẹ̀rù bà á. Kò sì tán síbẹ̀ o. Ìran mìíràn tún ń tẹ̀ lé e, àlá ń tẹ̀ lé àlá, oorun ò wá mọ́.

Kí lẹ rò pé ó ṣe? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ṣe náà ló ṣe. Ó rò pé àwọn àjẹ́ ló ń bá òun jà. Tíṣà mísọ́n gba ọ̀dọ̀ àwọn onísègùn lọ, wọ́n ní kó ṣe eléyìí, wọ́n ní kó rú tọ̀hún, ó ṣe é, kò sàn. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn rẹ̀ nìyí, torí àwọn tó máa ń sọ ìtàn wòlíì máa ń fò ó dá. Ààwẹ̀ tí ọkùnrin yìí wá di olókìkí nípa rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwà mímọ́. Inú ìbẹ̀rù ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́ kan tí kò rí oorun sùn ni, tí kò mọ̀ bóyá orí òun ń yí.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ló bá bàbá àgbàlagbà kan pàdé, onígbàgbọ́ kan tó ń jẹ́ Ṣómóyè. Bàbá yìí gbọ́ gbogbo àròyé rẹ̀ tán, ó sì sọ fún un pé kì í ṣe àjẹ́ rárá, Ọlọ́run ló ń pè é. Ó ní kó kó gbogbo oògùn dà nù, kó gbààwẹ̀, kó máa fi Sáàmù gbàdúrà. Ọ̀rọ̀ yẹn ló dúró lé.

Àwọn ọ̀gá rẹ̀ nínú ìjọ kò dúró pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tó di 1926, wọ́n ti yọ ọ́ níṣẹ́. Mi ò rò pé ó yẹ ká sọ àwọn Áńgílíkà di ènìyàn burúkú nítorí èyí. Ẹ fi ara yín sípò alábòójútó kan tí tíṣà rẹ̀ ń sọ fáwọn ènìyàn pé òun ń gbọ́ ohùn, pé òun ń rí ìran lójoojúmọ́. Àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní lùkúlùkú, kò tíì pẹ́ nígbà náà. Àkókò àrùn yẹn ni ẹgbẹ́ alàdúrà kan bẹ̀rẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà Saint Saviour ní Ìjẹ̀bú-Òde, lábẹ́ Joseph Sadare, àwọn tó wá kúrò nínú ìjọ pátápátá ní 1922. Ara àwọn ọ̀gá ìjọ kò balẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ìran àti àdúrà ìwòsàn mọ́. Síbẹ̀, ó ṣì ń pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìjọ tó ń fi ogójì ọjọ́ kọ́ ọmọ ènìyàn ní ààwẹ̀ lọ́dọọdún, nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ wá gbààwẹ̀ ju ogójì ọjọ́ lọ, kò mọ ohun tó máa fi ṣe.

Owó oṣù lọ. Iyì lọ. Ìrètí ìdílé náà lọ. Òṣítẹ̀lú kó lọ sọ́dọ̀ Ṣómóyè, ó sì lo nǹkan bí ọdún méjì níbẹ̀, ààwẹ̀ àti àdúrà, àdúrà àti ààwẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ọdún méjì yìí díẹ̀, torí wọn kì í fún un ní ju ìlà kan lọ nínú ìtàn. A máa ń rò pé àwọn ènìyàn bí Òṣítẹ̀lú ní irin nínú ju àwa lọ, pé bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn. Ẹ wo ohun tó ní lọ́wọ́ ní ti gidi. Àkọ́kọ́, ó ní ẹnì kan. Ṣómóyè kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe wòlíì ńlá, n ò sì rí títì kankan tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Àgbàlagbà lásán ni, tó ti rìn lójú ọ̀nà náà ṣáájú, tó sì lè wo ojú ọmọ náà láàárọ̀ kó mọ̀ bóyá ó sùn. Gúrúùpù WhatsApp tó ní ènìyàn igba kò lè ṣe ìyẹn. Nínú igba ènìyàn, ta ló máa mọ̀ pé o ò jí? Èkejì, ó ní ibì kan tó yàtọ̀ sí ibi tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ ọ́n ní tíṣà. Ẹ̀kẹta sì ni pé ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìkọsílẹ̀ yìí ló ń yà mí lẹ́nu jù, bóyá torí pé iṣẹ́ tèmi náà ni. Tíṣà ni, gègé kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó bá rí, tàbí tó gbọ́ lójú àdúrà, á kọ ọ́ sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ tó rí i. Ìwé ńlá ńlá ló kọ kún, ọdún lé ọdún. Ó tiẹ̀ ní irú ìkọ̀wé kan tó ní wọ́n fi hàn òun lójú ìran, àti àwọn orúkọ mímọ́ tí kì í ṣe Yorùbá, tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ gbà á gbọ́ tàbí kí ẹ má gbà á gbọ́, ìyẹn kù sọ́wọ́ yín. Ohun tí mo rí ni ọkùnrin kan tó jókòó lójoojúmọ́, yálà ìran ọjọ́ náà ga tàbí kò ga, tó kọ ti òní kó tó sùn. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti kọ nǹkan lójoojúmọ́ fún oṣù kan péré mọ̀ pé ààwẹ̀ mìíràn ni ìyẹn fúnra rẹ̀.

Ní 1929 ó jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí wàásù ní Ògèrè. Oṣù Keje ọdún 1930 ni wọ́n dá Ìjọ Olúwa sílẹ̀ níbẹ̀, oṣù yẹn gan-an ni ìsọjí Ayọ̀ Babalọlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè Oyè ní Iléṣà. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń gbóná nígbà náà. Àwọn aṣáájú Faith Tabernacle, àwọn bí Odùbánjọ ní Èkó àti Akínyẹlé ní Ìbàdàn (Akínyẹlé kan náà tó wá jẹ Olúbàdàn ní 1955), bá Òṣítẹ̀lú ṣe pọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi tú ká, ní 1931. Wọ́n ní àwọn orúkọ mímọ́ rẹ̀ kò sí nínú Bíbélì, wọn ò sì fẹ́ bó ṣe ń tọ́ka sí àwọn kan pé àjẹ́ ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ ìyàwó náà tún wà níbẹ̀: Òṣítẹ̀lú fẹ́ ju ìyàwó kan lọ, kò sì fi pamọ́.

N ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ pípe ènìyàn ní àjẹ́ ti ba ilé jẹ́ nílẹ̀ wa, ó ṣì ń bà á jẹ́ títí di òní, ẹni tó gbààwẹ̀ ọdún méjì kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ààwẹ̀ kì í sọ gbogbo èrò orí ènìyàn di òótọ́. Mo ń sọ èyí torí mo mọ àwọn ọ̀dọ́ tí àwọn tó pe ara wọn ní wòlíì ń pàṣẹ ààwẹ̀ gbígbẹ fún, ọlọ́gbẹ́ inú wà níbẹ̀, aboyún wà níbẹ̀, tí wọn ò sì lè bi í ní ìbéèrè torí pé òun náà ń gbààwẹ̀. Ẹ bi í. Ṣómóyè ò fipá mú Òṣítẹ̀lú. Òṣítẹ̀lú ló rìn lọ bá a.

Nísinsìnyí ẹ wo ohun tó ṣe nígbà tí ìjọ dúró. Kò pa Lẹ́ńtì tì. Ohun tó kọ́ lọ́dọ̀ àwọn Áńgílíkà tó lé e jáde, ó mú un dání, ìjọ rẹ̀ ń gba ààwẹ̀ Lẹ́ńtì títí di òní. Ó wá fi ọ̀kan kún un. Láti 1937 ni wọ́n ti ń ṣe Tabieorar ní Ògèrè: ọjọ́ mẹ́tàlá ààwẹ̀ àti àdúrà lọ́dọọdún, tó máa ń parí lórí òkè mímọ́ ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ. Ọjọ́ náà kì í yí padà bíi ti Àjíǹde. Ní ọjọ́ Ajé tàbí ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 22 ni.

Ẹ ro oṣù Kẹjọ yẹn wò. Tí Lẹ́ńtì bá dé ní Rẹ́mọ, iṣu ti ń tán nínú abà, àgbẹ̀ ń dúró de òjò, ebi díẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní ààwẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ, iṣu tuntun ti jáde, àgbàdo tútù wà lẹ́bàá ọ̀nà gbogbo, ẹni tó bá wà nílé ló ń jẹun. Ọmọ àgbẹ̀ ni Òṣítẹ̀lú, ó mọ oṣù tí oúnjẹ pọ̀. Mi ò mọ ohun tí ẹ rò, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ó le fún ènìyàn láti fi iyán iṣu tuntun sílẹ̀ ju kó fi gàrí sílẹ̀ lọ.

Ohun kejì tí mo rí níbẹ̀ ni pé ó kó ènìyàn jọ. Ọkùnrin tó gbààwẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù ara rẹ̀, pẹ̀lú àgbàlagbà kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sọ fáwọn ọmọ ìjọ pé kí oníkálukú lọ dá a ṣe nínú yàrá rẹ̀. Ó ní kí gbogbo wọn wá sí Ògèrè. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ yẹ̀ ní ọjọ́ kẹjọ á rí ẹlòmíràn tí ètè rẹ̀ gbẹ bíi tirẹ̀.

Àwa tí a dàgbà ní Rẹ́mọ mọ irú èyí láìjẹ́ pé a wà nínú ìjọ Òṣítẹ̀lú. Onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí ló ń gbé pọ̀ nínú ilé kan. Ní ọdún 2025, Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, Ọjọ́rú Eérú sì bọ́ sí ọjọ́ 5. Nílé àwọn ẹbí mi kan ní Ṣàgámù, àǹtí mi tó ń jí ṣe sàárì ló ń kan ilẹ̀kùn fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbààwẹ̀ Lẹ́ńtì, pé ó tó àkókò àdúrà. Ìrọ̀lẹ́ dé, ọ̀kan ń ṣínu, èkejì náà ń ṣínu, ìkòkò ọbẹ̀ kan náà ni. Mo bi ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bó ṣe ṣe é títí dé Àjíǹde lọ́dún yẹn. Ó ní ojú ń ti òun láti sùn nígbà tí wọ́n ti kan ilẹ̀kùn.

Iṣẹ́ Òṣítẹ̀lú kò dúró sí Ògèrè. Ní 1947, ó rán àwọn òjíṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Sàró àti Làìbéríà. Adeleke Adéjọbí ló lọ sí Freetown, òun náà ló wá gun orí àléfà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n dé Gánà ní 1953. Ní 1964, Adéjọbí dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ tó lọ láti ilé. Ní 1975, Àjọ Ìjọ Àgbáyé gba Ìjọ Olúwa wọlé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́, àjọ kan náà tí àwọn Áńgílíkà wà nínú rẹ̀. Òṣítẹ̀lú kò sí láyé láti rí ìyẹn.

Ohun kan ṣì kù. Ní 1957, ọmọ ilẹ̀ New Zealand kan, Harold Turner, tó jẹ́ olùkọ́ ní Fourah Bay College ní Freetown, ń rìn lọ ní etíkun, ó bá àwọn kan tí wọ́n ń ṣe ìsìn lórí iyanrìn. Ọmọ Ìjọ Olúwa ni wọ́n. Ó dúró, ó bi wọ́n ní ìbéèrè, ìbéèrè yẹn sì gbà á ní ọ̀pọ̀ ọdún. Ó tẹ̀ lé ìtàn náà títí dé Rẹ́mọ, ó sì rí àwọn ìwé tí Òṣítẹ̀lú ti kọ kún láti 1925 kà, gbogbo ìran, gbogbo ọjọ́, gbogbo òru tí kò sùn. Lára àwọn ìwé wọ̀nyẹn ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa ọdún méjì tó lò lọ́dọ̀ Ṣómóyè ti wá. Turner kọ ìwé ńlá alápá méjì lé e lórí, ó jáde ní 1967. Òṣítẹ̀lú ti kú ní oṣù Keje ọdún 1966, ó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí Tabieorar ọdún náà parí. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣì ń gba ààwẹ̀ náà lọ́dọọdún.